Orin dùn, orin kò dára: ibi tí ìwàkiwà ti ń kan ẹwà iṣẹ́ ọnà

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, Colin Powell, ọ̀gágun Amẹ́ríkà tó ti ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè rí, gun orí ìtàgé ní Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì bá Olú Maintain jó Yahooze. Orin náà ti gba ìgboro kan ní Nàìjíríà láti 2007. Ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé ló gbà pé àwọn ọmọ Yahoo, àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu òyìnbó ní jìbìtì, ni orin náà ń gbé gẹ̀gẹ̀. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, fàájì lásán ni. Ohun tí kò sẹ́ni tó jiyàn lé lórí ni pé ó dùn-ún jó. Bàbá náà ò kúkú gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́ ìlù.

Láti ìgbà náà, ìjà kan náà la máa ń jà nígbàkígbà tí irú orin bẹ́ẹ̀ bá jáde. Ẹnìkan á ní ká fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀, ká gbọ́ ìlù. Ẹlòmíràn á ní orin tó bá ń yin olè kò lè jẹ́ orin gidi láé. Ẹnìkẹta á ní dídùn tó dùn gan-an ló burú, torí bí kò bá dùn, ta ni ì bá gbọ́ ọ? Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jà títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹnì kan ò ní borí, nítorí kì í ṣe ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń dáhùn.

Mo rí ìbéèrè mẹ́rin tó wé mọ́ra wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan dá lórí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà: irú ènìyàn wo ni? Èkejì dá lórí ohun tó wà nínú rẹ̀: ṣé ìpànìyàn, àgbèrè tàbí olè jíjà ló fi hàn? Ẹ̀kẹta dá lórí ohun tí iṣẹ́ náà fẹ́ kó ṣe wá nípa ohun tó fi hàn: ṣé ká kórìíra olè náà ni, ká ṣàánú rẹ̀, àbí ká pàtẹ́wọ́ fún un? Ẹ̀kẹrin dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígboro lẹ́yìn náà: ta ló ṣe kí ni nítorí rẹ̀? Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyọ kan péré, ìyẹn ẹ̀kẹta, ni mo gbà pé ó lè wọ inú ẹwà iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Àwọn yòókù ṣe pàtàkì, òmíràn nínú wọn tilẹ̀ ṣe pàtàkì ju ẹwà lọ, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà.

Ẹ jẹ́ ká yára kúrò lórí ẹni tó ṣe é. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1606, Caravaggio, ayàwòrán ará Ítálì, pa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ranuccio Tomassoni ní ìlú Róòmù, ó sì sá lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó ya àwòrán ńlá kan ní Naples fún ẹgbẹ́ aláàánú tí wọ́n ń pè ní Pio Monte della Misericordia. Iṣẹ́ àánú méje ló yà síbẹ̀: kí wọ́n bọ́ ẹni tí ebi ń pa, kí wọ́n sin òkú, kí wọ́n bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán náà ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn di òní. Apànìyàn tó ń sá kiri ló yà á, àánú sì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá sọ fún mi lọ́la pé ẹlòmíràn ló yà á, kò sí ohun tó máa yí padà lára àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Bóyá ó yẹ ká fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lówó, bóyá ó yẹ ká fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ní Ísírẹ́lì, àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá kì í sábà lu orin Wagner, olórin ará Jámánì tó kọ ìwé burúkú sí àwọn Júù ní 1850, tí Hitler sì wá fẹ́ràn orin rẹ̀. Wọn kò sọ pé orin náà kò dùn. Ọ̀wọ̀ àwọn tó la ìpakúpa àwọn Júù lábẹ́ Hitler já ni wọ́n ń bù fún wọn, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kejì ló máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú, bẹ́ẹ̀ òun ló rọrùn jù. Pé ìwàkiwà wà nínú ìtàn kò sọ ìtàn náà di ìwàkiwà. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, à bá ti fi òfin de àlọ́ Ìjàpá. Olè ni Ìjàpá, ọ̀kánjúwà ni, ó jí àsáró gbígbóná sínú fìlà nílé àna rẹ̀ títí orí rẹ̀ fi pá, síbẹ̀ kò sí òbí tó ń bẹ̀rù pé ọmọ òun á dé fìlà lọ jí àsáró lọ́la. (Ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí àlọ́ náà, ta ló tilẹ̀ ń rántí ẹ̀? Fìlà là ń rántí.)

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tó dà bí ìsọkúsọ. Ẹni tó bá ti wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ ọdún Òkè'Bàdàn ti gbọ́ orin tí wọ́n fi ń dárúkọ ohun ìkọ̀kọ̀ tọkùnrin tobìnrin ní gbangba òpópónà, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú. Kí ẹnìkan dán an wò lọ́jọ́ mìíràn, ìgbátí ló máa gbà. Lọ́jọ́ náà, ìsìn ni fún òkè tó dáàbò bo ìlú. Ní Kétu, lóru Ẹ̀fẹ̀, ẹni tó gbé Ẹ̀fẹ̀ lè fi orin tú àṣírí oníwà burúkú láàárín ọjà kí ó sì lọ sùn láyọ̀. Ohun tí UNESCO kà mọ́ àwọn ogún iyebíye aráyé ní 2001, nígbà tí wọ́n dárúkọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nìyẹn pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó láti fi dájọ́. Àyè tí wọ́n ti sọ ọ́, àti ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́, ló ń pinnu.

Àwọn kan á ní kí ni à ń tú wò, ṣebí àwọn àgbà ti ní ìwà lẹwà? Mo fẹ́ràn òwe náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi í pa ẹnu olórin mọ́ ti gbàgbé ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ẹsẹ Ifá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ sílẹ̀, obìnrin ni Ìwà, ìyàwó Ọ̀rúnmìlà. Ẹwà rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, ìṣe rẹ̀ ni kò dára, títí Ọ̀rúnmìlà fi lé e lọ, tí iyì Ọ̀rúnmìlà sì bá a lọ. Àwọn tó ń kì ẹsẹ yẹn mọ̀ dájú pé ẹwà àti ìṣe lè pínyà lára ẹnì kan ṣoṣo.

Ibi ìbéèrè kẹta wá ni iṣẹ́ wà. Gbogbo iṣẹ́ ọnà tó ń sọ ìtàn tàbí tó ń yin ènìyàn ló ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ wa. Ó fẹ́ ká rẹ́rìn-ín níbí, ká sunkún lọ́hùn-ún, ká kórìíra lágbájá, kí àyà wa máa já nítorí tàmẹ̀dù. David Hume, onímọ̀ ará Scotland, kọ àròkọ kan jáde ní 1757 lórí bí a ṣe ń dá iṣẹ́ tó rẹwà mọ̀. Ó ní aṣọ àtijọ́ àti àṣà àtijọ́ kò yẹ kó dí wa lọ́wọ́ láti gbádùn ewì àwọn ará àtijọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí akéwì bá ti gbé ìwà ìkà jáde tí kò sì dá a lẹ́bi, àbùkù gidi nìyẹn lára ewì náà. Hume ní òun kò lè bá a ní irú ìmọ̀lára bẹ́ẹ̀, kò sì tilẹ̀ yẹ kí òun ní in.

"Kò lè" àti "kò yẹ": Hume so méjèèjì pọ̀ bíi pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, púpọ̀ nínú àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àárín méjèèjì yẹn ló wà.

Fíìmù kan ló dára jù láti fi wò ó. Ní oṣù kejì ọdún 1915, D. W. Griffith gbé The Birth of a Nation jáde ní Amẹ́ríkà. Ó gùn tó wákàtí mẹ́ta, nígbà tí ọ̀pọ̀ fíìmù ṣì kúrú gan-an. Bó ṣe ń gé àwòrán mọ́ àwòrán, tó ń fò láti ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nínú ewu lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sáré bọ̀ wá gbà wọ́n, tó tún ń fò padà títí ọkàn ẹni á fi fẹ́ bọ́, àwọn tó ń ṣe fíìmù lẹ́yìn rẹ̀ kọ́ ọ, wọ́n ṣì ń lò ó. Nollywood ń lò ó.

Ta wá ló wà nínú ewu níbẹ̀? Àwọn òyìnbó gúúsù Amẹ́ríkà. Lọ́wọ́ ta? Lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú, tí àwọn òyìnbó tó kun ojú dúdú sì ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ta ló ń sáré bọ̀ wá gbà wọ́n? Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó ń fi ipá àti ìpànìyàn dẹ́rù ba aláwọ̀ dúdú, lórí ẹṣin, nínú aṣọ funfun, tí orin Wagner ń lé wọn bọ̀. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, fíìmù náà ti fi ọmọbìnrin òyìnbó kan hàn wá tó bẹ́ láti orí àpáta kú nítorí ọkùnrin dúdú kan ń lé e, àwọn Klan sì ti pa ọkùnrin náà. Ó yẹ ká yọ̀. Fíìmù náà kò fi àyè sílẹ̀ fún ohun mìíràn.

NAACP, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1909 láti jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, gbógun tì í láti ìlú dé ìlú. Ní Boston, William Monroe Trotter ló ṣáájú àwọn tó fẹ̀hónú hàn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé e wọ White House fún Ààrẹ Woodrow Wilson, èrò sì ń wọ́ lọ wò ó káàkiri orílẹ̀-èdè náà.

Noël Carroll, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1996 tó dì mọ́ "kò lè". Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ọnà dà bí ẹni tó gba iṣẹ́ ṣe: bó bá ní òun fẹ́ pa wá lẹ́kún, tí ìwàkiwà tó wà nínú rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹkún wá, ó kùnà nínú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Àbùkù ìwà di àbùkù ọnà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, Aristotle, onímọ̀ Gíríìsì àtijọ́, ti ní bí eré bá fi ènìyàn burúkú hàn tó ń ti inú ìyà bọ́ sínú ọrọ̀, àánú ò ní ṣe wá, ẹ̀rù ò sì ní bà wá, bẹ́ẹ̀ àánú àti ẹ̀rù ni irú eré bẹ́ẹ̀ ń wá.

Ohun tó gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀nà yìí hàn gbangba. Àwọn òyìnbó tó wo fíìmù Griffith ní 1915 lè ní ìmọ̀lára tó béèrè. Wọ́n ní in, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ṣé fíìmù náà wá dára fún wọn, kó burú fún wa? Carroll ní ká fi ti ẹni tó ní ẹ̀rí ọkàn dídára ṣe òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó ti ń yọ́ bọ́ sí "kò yẹ".

"Kò yẹ" ni Berys Gaut, tó ń kọ́ni ní St Andrews ní Scotland, dì mú. Ó ní bí fíìmù bá ní ká yọ̀, ìbéèrè kì í ṣe bóyá a yọ̀. Ṣé ohun tó tọ́ sí ayọ̀ ni? Bí kò bá tọ́ sí i, ayọ̀ tí a fún un jẹ́ ayọ̀ àwìn tí kò ní san, fíìmù náà sì ti kùnà bí gbogbo ènìyàn inú gbọ̀ngàn tilẹ̀ dìde pàtẹ́wọ́. Ìdáhùn tó lágbára ni, mo sì gbà á fún ìgbà pípẹ́.

Daniel Jacobson ló gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì ní 1997, ẹ̀fẹ̀ ló sì fi ṣe é. Ẹ ronú nípa àwọn aláwàdà wa, bí wọ́n ṣe máa ń sín akólòlò jẹ. Ẹ lè gbà pé ìkà ni, kí ẹ gbà pé kò yẹ ká rẹ́rìn-ín lójú akólòlò, kí ẹ̀rín sì tún pa yín. Bí ẹnìkan bá wá ní "kò pani lẹ́rìn-ín nítorí pé ìkà ni", ó ti pa ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Pé kò yẹ ká rẹ́rìn-ín jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa wa. Pé ó pani lẹ́rìn-ín jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa àwàdà náà. Ìgbà mìíràn wà, Jacobson ní, tí ìkà inú àwàdà gan-an ló ń jẹ́ kó pani lẹ́rìn-ín. Yọ ìkà náà kúrò, kò ní sí àwàdà mọ́. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Matthew Kieran ní 2003 sọ pé a lè kọ́ ohun kan láti inú kí iṣẹ́ ọnà gbé wa wọ inú ọkàn ìkà fún ìgbà díẹ̀, ohun tí a ò lè rí kọ́ bí a bá dúró lókèèrè. A. W. Eaton ní 2012 sọ pé kí oníṣẹ́ ọnà mú wa fẹ́ràn ènìyàn burúkú, tí a ò sì lè gbàgbé pé ó burú, tí ọkàn wa wá ń fà síwá fà sẹ́yìn, iṣẹ́ takuntakun ni, ẹwà sì ni.

Mo rò pé a mọ ohun tí wọ́n ń sọ yìí ju àwọn fúnra wọn lọ, nítorí a ní oríkì. Ẹ gbọ́ tí wọ́n ń ki Ògún: ọlọ́mi nílé fẹ̀jẹ̀ wẹ̀. Ó ní omi nílé, kì í ṣe pé kò rí omi. Yíyàn ló yàn án. Kò sí ẹni tó gbọ́ èyí tí kò mọ̀ pé ìpànìyàn ni wọ́n ń yìn, kò sì sí ẹni tí ara rẹ̀ kì í bù máṣọ nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kì bá kì í. Bí a bá ní kí Hume tún un ṣe, kí a fi ìdálẹ́bi díẹ̀ sí i, kí la máa rí? Ìwàásù.

Tàbí ká mú oríkì Ìbàdàn. Ìbàdàn kì í bá ni ṣọ̀rẹ́ kó má múni lọ sógun. Ìbàdàn, ìlú tí olè gbé ń jàre olóhun. Ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n bá kì báyìí níbi ìnáwó, ẹ̀rín ló máa ń rín, á tún na owó. Ẹ fi ojú Gaut wò ó: wọ́n ń yin ìdájọ́ èké, wọ́n ní kí orí wa wú sí i, kò sì tọ́ sí kí orí wú. Ó yẹ kí ìlà yẹn jẹ́ àbùkù oríkì náà. Bẹ́ẹ̀ òun ni ìlà tó dùn jù nínú rẹ̀.

Nígbà náà, ṣé ìwàkiwà kì í ba nǹkan jẹ́ ni? Rárá o, torí ti Griffith ṣì wà nílẹ̀, mi ò sì lè gbà pé ìdún ẹsẹ̀ ẹṣin àwọn Klan àti ẹ̀jẹ̀ Ògún rí bákan náà. Ohun tí mo máa ń wò nìyí: bí mo bá túbọ̀ mọ òtítọ́ nípa ohun tí iṣẹ́ náà ń fi hàn, ṣé ẹwà rẹ̀ máa ń dúró, àbí ó máa ń tú? Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, àwọn ọkùnrin dúdú gba ẹ̀tọ́ ìbò, àwọn kan wọ ilé aṣòfin. Klan ló ń fi ìbọn àti okùn lé wọn kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí, bó ti wù kí gígé àwòrán náà dán tó, ohun tó ń rí ni àwọn apànìyàn tó ń sáré lọ bá àwọn tí wọ́n fẹ́ pa. Ìdùnnú ibẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ó sì yẹ kó ṣiṣẹ́, nítorí gbogbo ìgé àti ìlù ibẹ̀, ìdùnnú yẹn ni wọ́n ń gbé ró. Irọ́ ló gbé ẹwà náà ró. Kì í ṣe pé ó burú nìkan ló bà á jẹ́, pé ó gbọ́dọ̀ bo ohun kan mọ́lẹ̀ kó tó lè rẹwà ni.

Oríkì Ògún kò bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló fi ṣáájú. Bí o bá ṣe mọ ogun sí i ni ìlà yẹn á ṣe máa le sí i létí rẹ. Oríkì Ìbàdàn náà dárúkọ olóhun sínú ìlà kan náà pẹ̀lú olè. Kò sọ pé olóhun kò sí, kò sọ pé olóhun ló jẹ̀bi. Ó ní wọ́n dá a lẹ́bi, òun sì jẹ́ olóhun. Ìgbéraga àti ìjẹ́wọ́ wà nínú ìlà kan ṣoṣo.

Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ọmọ Ìjàyè lè dá mi dúró níbí. Ìbàdàn tú Ìjàyè ní 1862. Àwọn Èkìtì náà ní ẹjọ́ tiwọn. Fún ọmọ olóhun, ìlà yẹn lè máà pani lẹ́rìn-ín, mi ò sì ní sọ fún un pé etí rẹ̀ kò mọ oríkì. Mo kàn rò pé òun gan-an ló gbọ́ gbogbo ohun tó wà nínú ìlà náà, ọmọ Ìbàdàn tó ń ná owó lè má gbọ́ ju ìdajì lọ.

Fíìmù kejì tí gbogbo àwọn tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí máa ń dé bá ni Triumph des Willens, tí Leni Riefenstahl ṣe nípa ìpàdé ńlá ẹgbẹ́ Nazi ní Nuremberg ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1934, tó sì jáde ní 1935. Bàálù Hitler ń gba inú ìkùukùu bọ̀, òjìji rẹ̀ ń rá kọjá lórí àwọn tó ń yan láàárín ìlú, ó balẹ̀ bí ẹni tó ti ọ̀run wá. Àwọn tó bá ní ká wo ìmọ́lẹ̀ àti ìlà nìkan, ọmọlẹ́yìn Oscar Wilde ni wọ́n, òǹkọ̀wé ará Ireland tó kọ ọ́ ní 1891 pé kò sí ìwé tó ń jẹ́ oníwà rere tàbí oníwà burúkú, bí wọ́n kọ ọ́ dáadáa tàbí wọn ò kọ ọ́ dáadáa ni ọ̀rọ̀ wà. Mary Devereaux dá wọn lóhùn ní 1998, ìdáhùn rẹ̀ sì tẹ́ mi lọ́rùn: ẹni tó bá wo ìmọ́lẹ̀ nìkan kò tíì wo fíìmù náà. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ ni láti sọ Hitler di arẹwà. Bí o bá yọ Hitler kúrò kí o lè gbádùn rẹ̀, iṣẹ́ mìíràn lò ń gbádùn.

Fíìmù yìí ló ṣòro jù fún òṣùwọ̀n mi, nítorí kò pa irọ́ kan pàtó tí èèyàn lè nàka sí. Àwọn èèyàn náà wà níbẹ̀, wọ́n yan lóòótọ́, inú wọn dùn lóòótọ́. Ohun tí fíìmù náà ṣe ni pé kò wo ibòmíràn. Ní ìlú Nuremberg kan náà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1935, ni wọ́n ti kéde òfin tó gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Júù. Ẹwà tó wà nínú fíìmù náà ni ẹwà ìlú tí gbogbo ènìyàn ti jọ jẹ́ ọ̀kan, ohun tí wọ́n sì ṣe láti di ọ̀kan wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Bí mo bá ti fi ìyẹn kún un, àwọn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣì rẹwà lójú mi, ṣùgbọ́n ẹwà tó ń dẹ́rù bani ni, kì í sì í ṣe irú ẹ̀rù tí fíìmù náà fẹ́. (Kò sì burú kí ẹnìkan sọ ọ́: nǹkan bíi wákàtí méjì ìyan-bí-ológun, oorun máa ń kun èèyàn.)

Ó ku ìbéèrè kẹrin, ohun tí iṣẹ́ ọnà ń dá sílẹ̀ nígboro. Plato, onímọ̀ Gíríìsì àtijọ́ bíi Aristotle, ti fi í lé àwọn akéwì kúrò nínú ìlú tó ń fi èrò inú kọ́. Ẹ̀rù bà á pé wọ́n ń bọ́ ìmọ̀lára tó yẹ ká máa jẹ́ kí ebi pa. Ní ti Griffith, ẹ̀rí wà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1915, William Simmons kó àwọn èèyàn gun Stone Mountain ní Georgia, ó sì jí Ku Klux Klan dìde. Àkókò tí fíìmù náà fẹ́ dé Atlanta ni, Klan sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún láti fi kó ọmọ ẹgbẹ́ jọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Fíìmù tí kò dán rárá lè dá ìjà sílẹ̀, èyí tó dán jù lè má ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Nígbà tí Library of Congress fi ti Griffith kún àwọn fíìmù tí Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ tọ́jú ní 1992, wọn kò sọ pé ó dára, wọn kò sì sọ pé kò léwu.

Nítorí náà, nígbà tí NBC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, bá lẹ NTBB ("Not To Be Broadcast") mọ́ orin kan ní Nàìjíríà, tí rédíò kò gbọdọ̀ gbé e mọ́, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù lẹ́yìn gbígbọ́ ni wọ́n ń dájọ́ lé lórí. Olórin tó bá dá wọn lóhùn pé "iṣẹ́ ọnà ni" kò tíì dá wọn lóhùn. Àwọn náà kò sì gbọdọ̀ ṣe bíi pé àwọn ti fi hàn pé orin náà kò dára. Ohun tó kàn tún wà ni pé ìbẹ̀rù ohun tó lè ṣẹlẹ̀ kì í mọ iṣẹ́ òdodo yàtọ̀ sí ti irọ́. Oscar Micheaux, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ṣe fíìmù kan tí ọ̀pọ̀ kà sí èsì fún Griffith, Within Our Gates. Nínú tirẹ̀, àwọn òyìnbó ni wọ́n ń so aláwọ̀ dúdú kọ́ igi, ọkùnrin òyìnbó ló sì ń lé ọmọbìnrin dúdú láti fipá bá a lò. Àwọn tó ń yẹ fíìmù wò ní Chicago kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ìjà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti pa ènìyàn nílùú náà ní 1919, wọ́n ní èyí lè tún dá òmíràn sílẹ̀. Ó di oṣù kìíní ọdún 1920 kí wọ́n tó gbà kó jáde.